Ẹnu Kọ́ Ni Wọ́n Fi Ń Ṣẹ́gun

 

Ìbò ń bọ̀, àwọn tó ń ṣèjọba sì ti tún bẹ̀rẹ̀. Lórí rédíò, lórí tẹlifíṣọ̀n, lórí pátákó gàgàrà tí wọ́n rì mọ́ oríta, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: ogun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, apá ọ̀tá ti ṣẹ́, kí ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká jọ ka oṣù ká ka ọdún. Oṣù Keje ọdún 2009 ni ogun Boko Haram bẹ́ sílẹ̀ ní Maiduguri. Ó ti lé ní ọdún 16 báyìí. Ọmọ tí wọ́n bí lóṣù náà, tó bá di oṣù Keje ọdún 2027, á ti pé ọmọ ọdún 18, ó tó gba káàdì ìdìbò. A bí i sínú ogun, ó dàgbà sínú ogun, inú ogun náà ni yóò ti tẹ̀ka. Irú ogun wo wá ni ogun tó ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́dọọdún tí kì í tán?

Àwa nínú ẹgbẹ́ wa ní èsì. Ogun ọjọ́ kan, ìgboyà lè ṣẹ́ ẹ. Ogun ọlọ́dún gbọọrọ, ìgboyà nìkan kò tó o. Ohun mẹ́ta ló ń ṣẹ́ ẹ. Àkọ́kọ́, ta ni yóò jà? Èkejì, kí ni yóò fi jà? Ẹ̀kẹta, ọ̀nà wo ni oúnjẹ àti ọta yóò gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ìjọba tí kò bá rí ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ṣe, bó fẹ́ kó fi gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn jagun, ojú kan ni yóò máa wà.

ÀWỌN BABA WA TI JA IRÚ RẸ̀ RÍ

A ò ní láti lọ sílẹ̀ òkèèrè ká tó mọ èyí. Ogun Kírìjì wà nílẹ̀. Láti ọdún 1877 títí di ọdún 1893, ọdún 16 gbáko ni ilẹ̀ Yorùbá fi wà lójú ogun. A ò fẹ́ fi ìtàn yìí hú egbò àtijọ́ o. Ọmọ Ìbàdàn, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Èkìtì, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ ìyá ni gbogbo wa. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni a fẹ́.

Ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 1877, Ààrẹ Látòósà tó jẹ́ olórí Ìbàdàn rán àwọn ènìyàn lọ ra ohun ìjà ní Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo. Àwọn Ẹ̀gbá dá wọn lọ́nà. Ìjà bẹ́, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì ti ọ̀nà etí òkun mọ́ Ìbàdàn. Ṣé ẹ rí i? Kí ogun ńlá tó dé rárá, ọ̀rọ̀ ohun ìjà àti ọ̀nà ló dá ìjà sílẹ̀.

Ní ọdún kejì, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa àwọn ènìyàn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá ọdún 1878, Balógun Àjàyí Ògbórí-ẹ̀fọ̀n kó ogun Ìbàdàn ja àwọn ọ̀tá wọn nítòsí Ìkìrun, ó sì ṣẹ́ wọn pátápátá. Ogun Jálumi nìyẹn, torí àwọn tó ń sá já lu odò. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Ká ní ìgboyà nìkan ló ń parí ogun, ọjọ́ náà ni ogun ì bá ti tán. Kò tán. Èkìtìparapọ̀ tún ara wọn tò, Ọ̀gẹ̀dẹ̀ngbé Ìjẹ̀ṣà wá di olórí ogun wọn, wọ́n sì dúró de Ìbàdàn láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ibẹ̀ ni wọ́n wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ìró àgbá ń dún kírìjì, kírìjì.

Kí ló dé tí ẹnì kankan kò lè borí? Ẹ ká a lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ti ènìyàn, ta ni kò mọ̀ pé ìlú jagunjagun ni Ìbàdàn? Ṣùgbọ́n bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ojú ogun wọn di márùn-ún: Èkìtìparapọ̀ níwájú, Ìlọrin lápá Ọ̀fà, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, àti Ifẹ̀. Ọmọ ogun tó pọ̀ tó láti ṣẹ́gun lójú kan kò pọ̀ tó láti ṣọ́ ojú márùn-ún.

Ní ti irinṣẹ́, ìbọn ṣakabùlà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìbàdàn gbé dání. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó, tí àwọn kan nínú wọn ti Sàró dé, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n dá owó jọ, wọ́n sì ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé, èyí tí wọ́n ń ki ọta sí nídìí. Kí oníṣakabùlà tó rọ ẹ̀tù, kó tó gún un, onítọ̀hún ti yin tiẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Báyìí ni àwọn tí kò tó Ìbàdàn nínú ogun jíjà ṣe dá Ìbàdàn dúró.

Ní ti ọ̀nà, ọ̀nà apá Oǹdó ni Èkìtìparapọ̀ ń gbà, èyí tí Glover tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà ti là ní nǹkan bí ọdún 1872. Ìbàdàn náà wá ìbọn tuntun kiri nígbà tó yá, ó sì rí díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló ń ṣọ́ ẹnubodè. Ẹni tó ni ọ̀nà ló ń dá iye owó ọjà. Àwọn tó sì ti ọ̀nà náà kò sùn re: ọjà wọn dà rú, títí àwọn Ìjẹ̀bú fi lé Awùjalẹ̀ Fidípọ̀tẹ̀ kúrò lórí ìtẹ́ ní 1883.

Bùdó ogun wá di ìlú. Wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n dáko síbẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀. Bùdó náà ni Ààrẹ Látòósà kú sí ní 1885. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, síbẹ̀ 1893 ni wọ́n tó tú ká, nígbà tí Gómìnà Carter ti Èkó wá bá wọn dá sí i.

Ẹ dákẹ́ díẹ̀ níbí yìí, torí ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Alágbẹ̀dẹ wa mọ ọkọ́ rọ, ó mọ àdá rọ, ó mọ idà rọ. Ṣùgbọ́n nínú ìhà méjèèjì, kò sí ẹni tó ń ṣe ìbọn tuntun yẹn fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi òyìnbó ló ń gbé e wá. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ìbọn ti ń wá náà ni onílàjà ti wá. Nígbà tí ogun sì parí, onílàjà kò padà sílé mọ́, ó jókòó, ó di ọ̀gá lé gbogbo wa lórí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹni tí kò lè ṣe irinṣẹ́ ogun rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò bá a parí ogun, ẹlòmíràn náà ni yóò sì jẹ èrè rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká fi òṣùwọ̀n yìí wọn àwọn tó ń ṣèjọba lónìí.

TA LÓ Ń JÀ?

Lónìí, sójà Nàìjíríà ń bá Boko Haram àti àwọn tó yapa kúrò lára wọn jà ní àríwá ìlà-oòrùn. Wọ́n ń bá àwọn agbébọn jà ní àríwá ìwọ̀-oòrùn. Wọ́n wà ní Plateau àti Benue. Wọ́n wà ní ilẹ̀ Ìgbò. Wọ́n wà létí odò níbi tí wọ́n ti ń jí epo rọ̀bì. Ẹ kà á: ojú ogun márùn-ún! Ohun tó dá Ìbàdàn lápá náà rèé.

Ní 2019, nígbà tí ènìyàn kò tó mọ́, wọ́n kó àwọn sójà tó wà káàkiri Borno jọ sínú bùdó ńláńlá díẹ̀. Bùdó ní ààbò o, ṣùgbọ́n àwọn abúlé tó wà láàárín ńkọ́? Ta ni wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ fún?

Nígbà náà, níbo ni àwọn ọlọ́pàá wà? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn àwọn ọlọ́lá ni wọ́n wà, wọ́n ń ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, wọ́n ń gbé báàgì ìyàwó olóyè. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ni ààrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pàṣẹ kí wọ́n kó ọlọ́pàá kúrò lẹ́yìn àwọn ènìyàn ńlá, kí wọ́n sì tún gba 20,000 ọlọ́pàá sí i. Àṣẹ náà dára. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kan náà ló ń ṣèjọba láti 2015. Ọdún mẹ́wàá gbáko! Ṣé ìgbà tí ìbò ń kan ilẹ̀kùn ni ọgbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé?

KÍ NI WỌ́N Ń FI JÀ?

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, ká má ṣègbè. Ìjọba tó wà níbẹ̀ kí ti ìsinsìnyí tó dé náà jẹ̀bi. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, ilé ẹjọ́ ológun dájọ́ ikú fún sójà 54 torí pé wọ́n kọ̀ láti lọ sójú ogun. Kí ni wọ́n wí? Wọ́n ní àwọn ò ní ohun ìjà tó tó. Ọlọ́run yọ wọ́n, wọn ò pa wọ́n. Ní 2015 wọ́n sọ ikú náà di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ní ọdún 2015 yẹn kan náà, ìgbìmọ̀ tí ìjọba tuntun gbé kalẹ̀ jáde wá sọ pé àwọn rí àdéhùn ayédèrú lórí ríra ohun ìjà, tí owó rẹ̀ ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n: ọmọ tálákà tó ní òun ò ní ọta, wọ́n dájọ́ ikú fún un. Àwọn tí wọ́n ní owó ọta wà lọ́wọ́ wọn, àwọn àti agbẹjọ́rò ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ojo ni sójà wa. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015. Wọ́n sún ìbò síwájú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ààbò ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, ohun ìjà tuntun dé, àwọn ajagungbowó láti South Africa dé, ọmọ ogun Chad àti Niger sì bá wa jà. Bama padà sọ́wọ́ wa. Gwoza padà sọ́wọ́ wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré! Sójà Nàìjíríà kan náà ni o. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wọn ní ìgboyà. Ohun tí wọ́n nílò ló tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé ìgbà tí àga ìjọba ń mì ni ohun ìjà tó mọ ọ̀nà?

Ìjọba tó gba ipò lẹ́yìn náà kéde ní oṣù Kejìlá ọdún 2015 pé, ká sọ ọ́ lọ́nà kan, àwọn ti ṣẹ́gun. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, ọ̀tá ya wọ bùdó sójà ní Metele, wọ́n pa ọ̀pọ̀ ọmọ ogun wa. Fídíò tí sójà kan yà níbẹ̀ tàn káàkiri, ó ń ráhùn lórí àwọn ọkọ̀ ogun ògbólógbòó tí wọ́n kó fún wọn. Ṣé bí àwọn tó ti ṣẹ́gun ṣe ń ṣe nìyẹn?

Ní 2018 kan náà, wọ́n yọ mílíọ̀nù 496 dọ́là san fún bàálù ogun Super Tucano 12. Wọ́n ti yọ owó náà kí wọ́n tó kọ̀wé sí àwọn aṣòfin. 2021 ni bàálù tó dé. A ò sọ pé bàálù náà kò wúlò, ó wúlò. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ eléyìí. Ilé iṣẹ́ Brazil kan tó ń jẹ́ Embraer ló gbé irú bàálù yẹn kalẹ̀. Ọdún 1969 ni Brazil dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nàìjíríà ti dá tiẹ̀ sílẹ̀ ní Kaduna ní 1964, ilé iṣẹ́ ohun ìjà tí wọ́n ń pè ní DICON. Àwa la ṣáájú! Ọdún márùn-ún la fi ṣáájú wọn. Àwọn ń ṣe bàálù tí aráyé ń tò rà. Ìgbà kan wà tó jẹ́ àga àti tábìlì ni tiwa ń kàn. Ní 2023 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òfin tuntun láti jí i dìde. Títí di òní, ọ̀nà òkèèrè la ń wò fún ọ̀pọ̀ ohun tí sójà wa ń lò. Bí ẹni tó ń tà á fún wa bá bínú, bó bá ní kí dọ́là pé sí i, bó bá ní òun ò tà mọ́, kí la máa fi jà? A kì í fi ìbọn tí a ń tọrọ ja ogun ọlọ́dún gbọọrọ.

Owó kọ́ ni kò sí. Nínú ètò ìnáwó ọdún 2025, tírílíọ̀nù 4.91 náírà ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún ààbò. Mélòó nínú rẹ̀ ló di ọta? Mélòó ló di bàtà? Mélòó ló di oògùn fún ẹni tó fara gbọgbẹ́? Ẹ bi wọ́n.

Ọ̀NÀ ÀTI OÚNJẸ

Ẹnì kan lè ní, “Borno jìnnà sí wa, kí ló kàn wá?” Ẹ lọ bi ìyálọ́jà tó ń ta àlùbọ́sà. Ẹ bi ẹni tó ń ta ẹ̀wà àti tòmátì. Ilẹ̀ Hausa àti Borno ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, ní Zabarmari nítòsí Maiduguri, wọ́n pa àwọn àgbẹ̀ tó ń kórè ìrẹsì lóko. Ó kéré tán, òkú 43 ni wọ́n sin. Àgbẹ̀ tó bá gbọ́ èyí, ṣé yóò padà sóko? Oko tí a ò lọ kì í ta èso. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, wọ́n dá ọkọ̀ ojú irin lọ́nà láàárín Àbújá àti Kaduna, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n kó ènìyàn lọ. Ọ̀nà tí ọkọ̀ ojú irin ò lè gbà, ọ̀nà wo ni ọkọ̀ oúnjẹ yóò gbà?

Ṣé ìgbà tó dé ilẹ̀ wa lẹ fẹ́ gbọ́? Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà ọdún 2022 ńkọ́, nígbà tí wọ́n ya wọ ìjọ Kátólíìkì ní Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n sì pa ogójì ènìyàn, ó kéré tán? Ogun tí a ò parí níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó máa ń rìn ni. Nígbà Kírìjì, ọ̀nà tó tì ló sọ iyọ̀ di ọ̀wọ́n. Lónìí, ọ̀nà tó léwu ló sọ oúnjẹ di ọ̀wọ́n. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ló sì rí fún sójà. Sójà tí owó àjẹmọ́nú rẹ̀ pẹ́, tí oúnjẹ rẹ̀ kò dé, tí ìyàwó rẹ̀ ń pè é pé àwọn ọmọ ò jẹun, ara rẹ̀ nìkan ló wà lójú ogun.

Ẹ BI WỌ́N NÍ ÌBÉÈRÈ MẸ́TA

Wọ́n á ní àṣírí ni ọ̀rọ̀ ogun. Irọ́ ni o! Ibi tí sójà yóò kọlù lọ́la, àṣírí ni, a ò sì bèèrè rẹ̀. Owó tí wọ́n ná lánàá kì í ṣe àṣírí. Ọ̀tá ti mọ̀ pé ọkọ̀ ogun wa ti gbó. Òun ló ń rí i. Àwa tó sanwó rẹ̀ nìkan ni wọn ò fẹ́ kó mọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn wa, nígbà tí wọ́n bá dé ìlú yín pẹ̀lú ìlù àti àpò ìrẹsì, ẹ má lé wọn. Ẹ fún wọn lómi mu, kí ẹ sì bi wọ́n. Ìkíní: sójà àti ọlọ́pàá mélòó ló wà níbi tí ewu wà, mélòó ló sì wà lẹ́yìn àwọn ọlọ́lá? Èkejì: kí ni Kaduna ń ṣe jáde, ọdún wo la ó sì ṣíwọ́ ríra ọta lókèèrè? Ẹ̀kẹta: oúnjẹ, owó àti oògùn àwọn tó ń jà, ṣé ó ń dé ọ̀dọ̀ wọn, ta ló sì ń ṣàyẹ̀wò rẹ̀?

Ìbéèrè yìí kan náà ni kí ẹ bi àwa náà. Ohun tí ẹgbẹ́ wa yóò ṣe nìyí: a ó máa ka owó ogun síta fún gbogbo ayé lẹ́yìn tí wọ́n bá ná an, a ó jẹ́ kí àwọn aṣòfin yẹ ìwé ríra ohun ìjà wò kí owó tó kúrò nílé, a ó fi owó gidi sí ilé iṣẹ́ Kaduna àti sọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ alágbẹ̀dẹ òde òní, àwọn tó ń jó irin pọ̀ àti àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, owó àjẹmọ́nú sójà yóò máa wọ ọwọ́ sójà fúnra rẹ̀. Bí a bá débẹ̀ tí a ò ṣe é, ẹ mú ìwé yìí lọ́wọ́, ẹ fi lé wa jáde.

Ọdún 16 ni àwọn baba wa lò ní Kírìjì, wọ́n sì jèrè òyìnbó. Ogun tiwa ti kọjá ọdún 16. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ẹnu ra ọdún mẹ́rin mìíràn lọ́wọ́ yín. Ẹ tọ́jú káàdì yín. Tó bá dọjọ́ ìbò, ẹ tètè jáde, ẹ tẹ̀ka, ẹ dúró títí wọn ó fi kà á tán lójú yín.